Àlejò Elésè Àlùkò Lórí Ọ̀sà

Àwọn baba wa tí wọ́n ti ń gbé etí omi láti ìgbà ìwáṣẹ̀ mọ ewéko méjì kan tí wọ́n sọ di àdúrà lẹ́nu ara wọn, ojú oró àti òṣíbàtà. Kò sí bí omi ti lè kún tó tí yóò bo ojú oró mọ́lẹ̀, kò sì sí àgbàrá tí ó lè ri òṣíbàtà. Nítorí náà, nígbà tí adáhunṣe bá ń wúre fún ẹni tí ọ̀tá dojú kọ, ewé méjèèjì yìí ni yóò fi ṣe àpèjúwe lílékè, gbogbo ẹni tí ó bá wà níjòkòó yóò sì máa ṣe àṣẹ. Bí àwọn àgbà náà bá lè jí lónìí, kí wọ́n sì rìn dé èbúté Àgbádárìgì tàbí ti Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ti mú odò kún dé ẹnu, wọn yóò wá ojú oró tì, wọn yóò ṣàwátì òṣíbàtà, wọn yóò sì rí ewé kẹta kan tí ẹnikẹ́ni kò fi wúre rí, tí ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ láti èbúté yìí dé ibi tí ojú ríran mọ, tí ó sì ti lékè àwọn alékè.

Ó lẹ́wà, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ mọ́ ọn. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń dán bí ẹni pé òróró ni a fi pa á. Ọ̀pá tí ó gbé ewé náà ró wú rọ́bọ́tọ́, bí ènìyàn bá sì fi ọ̀bẹ là á, yóò rí i pé inú rẹ̀ rí ṣákaṣàka bíi kànrìnkàn, afẹ́fẹ́ ni ó kún un, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ó rì. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbòǹgbò dúdú wà, tí ó ń fì nínú omi bí irùngbọ̀n arúgbó, tí kò kan ilẹ̀, tí kò sì wá ilẹ̀ kàn. Òdòdó rẹ̀ ni ó wá ṣẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, tí ó yọ sókè ní àwọ̀ elésè àlùkò, tí èyí tí ó ga jù nínú àwọn pẹ́tẹ́lì náà sì ní àmì àwọ̀ ìyeyè kan láàárín, bí ojú ìyẹ́ ọ̀kín. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ewéko sọ ọ́ ní Eichhornia crassipes, wọ́n sì tún yí i padà láìpẹ́ yìí sí Pontederia crassipes, bí ẹni pé ọ̀daràn ni, tí ó ń pààrọ̀ orúkọ láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń bá fínra lójoojúmọ́ ti sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá a mu jù: gbéborùn ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wa ni a mọ gbéborùn láàárín àdúgbò, obìnrin tí kì í jókòó sílé, tí yóò fa ìborùn lé èjìká láàárọ̀, tí yóò máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, tí ibikíbi tí ó bá sì dé kì í ní àlàáfíà mọ́ nígbà tí ó bá fi máa kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé yìí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ kíyè sí i ní orí omi ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ìhà Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti gba ojú omi wọlé, ó sì bọ́ sí ọ̀nà omi Àgbádárìgì láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé omi kò mọ aṣọ́bodè, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ibi tí ilẹ̀ Faransé àtijọ́ parí sí àti ibi tí ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó wọ ọ̀sà Èkó Àkéte, Arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ó gba Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí kọjá, ó dé àwọn ọ̀nà omi Ìlàjẹ, ó sì tẹ̀ síwájú títí ó fi dé àwọn odò tí ó wà ní ẹnu Ọya. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, tí ó jẹ́ pé ìdì kan níhìn-ín, ìdì kan lọ́hùn-ún ni, àwọn ọmọdé a máa já òdòdó rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, àgbàlagbà a sì máa wò ó bí ìran. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ìdí tí ó fi di bẹ́ẹ̀ kò ju ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe lọ. Bí omi bá gbóná dáadáa, tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀, ewé yìí lè sọ ara rẹ̀ di méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí pé kò dúró de irúgbìn kí ó tó bímọ. Ẹ̀ka ni ó ń yọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀ka náà a di odindi, a sì tún yọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀sẹ̀ méjì tí ó jẹ́ ìlọ́ra. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ó wọ inú ọ̀sà, ní ogún ọ̀sẹ̀, yóò ti di 1,024. Nígbà tí ogún ọ̀sẹ̀ mìíràn bá sì fi kọjá, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òun yóò fi ọwọ́ fà á tán, kí ó rántí pé ó tún ní irúgbìn lọ́tọ̀, tí ó ń rì lọ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, tí ó sì lè sùn síbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún 15 lọ, títí di ọjọ́ tí omi bá fà, tí oòrùn sì kan án lójú.

Ilé rẹ̀ gan-an ni agbègbè odò Amazon ní gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá ilẹ̀ Bràsíìlì, ilẹ̀ kan náà tí àwọn Àgùdà wa ti padà wá sí Èkó, sí Àgbádárìgì àti sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n sì mú ilé aláràbarà àti oúnjẹ frèjọ́n àsìkò Ọdún Àjíǹde bọ̀ wá bá wa. Àwọn Àgùdà wá pẹ̀lú gbogbo ohun tí ń kó ènìyàn níjàánu: ẹbí, ìsìn, àṣà, àti ojú tí ń ti ni. Ewé yìí wá ní tirẹ̀, ó sì fi gbogbo ohun tí ń kó o níjàánu sílẹ̀ sílé. Lọ́hùn-ún, àwọn kòkòrò wà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni oúnjẹ wọn, àrùn wà tí ń bá a jà, àkúnya odò ńlá náà a sì máa gbá a dànù lọ́dọọdún. Níhìn-ín, kò sí ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹnu kan tí ó fẹ́ ẹ jẹ.

Ẹwà rẹ̀ ni ó gbé e jáde nílé. Ìtàn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé níbi àfihàn ńlá kan tí wọ́n ṣe nítorí òwú ní ìlú New Orleans ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1884, ni wọ́n ti pín in fún àwọn òǹwòran bí ẹ̀bùn, tí olúkúlùkù sì gbé tirẹ̀ lọ sílé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú adágún ọgbà. Nígbà tí adágún kún, wọ́n kó èyí tí ó ṣẹ́ kù dà sínú odò. Kò sì pẹ́ rárá tí odò St. Johns ní Florida fi di ibi tí ọkọ̀ kò ti rọ́nà gbà. Ẹ kíyè sí ọdún náà o: 1884 ni wọ́n pín in ní New Orleans, 1984 ni ó yọ sí wa ní Àgbádárìgì, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé. Ìyàwó tí a bá lójú ijó tí a gbé wálé, ìran ni yóò wò lọ. Ṣùgbọ́n èyí kò tilẹ̀ lọ mọ́, ó jókòó síbẹ̀ ni, ó sì ń bímọ.

Ohun tí ojú èmi fúnra mi rí kò ju ti ẹni tí ó ń kọjá lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Báyékù, ní ìhà Ìkòròdú, mo fẹ́ dá ọ̀sà kọjá sí ìhà Ajáh. Àwa bíi mẹ́wàá ni a wà nínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ìyá ẹlẹ́ja kan tí ó kó ọ̀bọ̀kún àti epìyà tútù sínú agbọ̀n ńlá méjì, tí ó fi àpò tí a rẹ sómi bò wọ́n. A kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́, tí ó sì dákẹ́ lójijì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ wo ẹ̀yìn, ó mi orí. “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá,” ni ó wí, “gbéborùn ti mú wa.” Ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi, mo sì rí i pé gbòǹgbò dúdú náà ti lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ bí ìgbà tí a bá fi òwú di irun. Àdá kékeré kan ni ó ń lò láti fi máa gé e, bí ó sì ti ń gé èyí, ni afẹ́fẹ́ ń ti òmíràn wá, títí tí a fi wà láàárín rẹ̀ bí ẹni tí ó wà láàárín oko. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ń rìn lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ṣa kòkòrò jẹ, kò tilẹ̀ wo apá ibi tí a wà. Ìyá ẹlẹ́ja kò pariwo. Ó kàn ń bomi wọ́n àpò tí ó fi bo ẹja rẹ̀, ó sì ń sọ láti ìgbà dé ìgbà pé, “Ọmọ mi, ṣe wéré o, oòrùn yìí kò ní bá mi dúró.” Nígbà tí a ó fi dé èbúté lódìkejì, iye tí àwọn oníbàárà fẹ́ san fún ẹja náà ti wálẹ̀, mo dúró gbọ́ bí wọ́n ti ń ná an, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni irú rẹ̀ ń bá lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀nà omi Ìlàjẹ, láti Ìgbókòdá dé Ayétòrò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ mọ́tò èrò, tí ó jẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ ilé-ìwé, tí ó sì tún jẹ́ ọkọ̀ tí ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, kí ojú omi dí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdíwọ́ òwò nìkan. Apẹja tí ó dẹ àwọ̀n sílẹ̀ lálẹ́ lè jí láàárọ̀ kí ó bá a pé ewé tí ń ṣí lọ ti wọ́ àwọ̀n náà lọ, tí kò sì mọ ibi tí ó gbé e gbà. Ìgèrè a bọ́ sábẹ́ rẹ̀, olówó rẹ̀ kò ní rí i mọ́. Nínú omi náà gan-an, níbi tí ewé bá ti tẹ́ bí ẹní, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé, atẹ́gùn kì í kan omi, ohun tí ó bá kú lábẹ́ rẹ̀ a máa jẹrà, a sì máa gba ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́ kù fún ẹja mí. Epìyà a kó lọ, àrọ̀ tí ó lè yọ ẹnu sókè gba afẹ́fẹ́ ni ó lè fara dà á níbẹ̀. Ẹ̀fọn fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀. Ìgbín omi, èyí tí ó ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kiri, fẹ́ràn gbòǹgbò rẹ̀. Ejò náà kò kórìíra rẹ̀.

Ó wá ku ohun tí a ó ṣe sí i, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n àti àìgbọ́n ti pàdé. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn ni pé kí a kó o kúrò, bóyá pẹ̀lú ọwọ́ àti àdá, bóyá pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tí ń léfòó, tí ń gé, tí ó sì ń gbé e sórí ilẹ̀. Èmi kò sọ pé kí a má lo ẹ̀rọ: ẹnu èbúté, ọ̀nà ọkọ̀ èrò, àti ibi tí a ti ń fa omi fún ìlú gbọ́dọ̀ mọ́ lónìí, kì í ṣe ní ọdún mẹ́ta òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọn ẹrù náà wò. Hẹ́kítà kan ṣoṣo, níbi tí ewé náà bá ti ki dáadáa, lè wọn 300 tọ́ọ̀nù. Nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, bíi 95 ni ó jẹ́ omi. Èyí túmọ̀ sí pé, nínú 300 tọ́ọ̀nù tí a fi epo àti owó gbé gun orí ilẹ̀, 285 jẹ́ omi tí a ń gbé jáde kúrò nínú omi. Ewé náà sì ń di púpọ̀ sí i lẹ́yìn ẹ̀rọ bí ẹ̀rọ ti ń lọ níwájú. Mo ti rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan rí, tí wọ́n fi ìlù àti fèrè gbé dé etí omi, tí àwọn ẹni ńlá bá a ya fọ́tò. Ìgbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, ẹyẹ ti ń yé sínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ olówó rẹ̀. Ọ̀ràn ewé yìí ti di iṣẹ́ agbàṣe lójú àwọn kan, agbàṣe tí kì í tán ni ó sì dùn jù.

Oògùn apakòríko náà wà. Ó ń pa á, kò sí àníàní, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ kì í sá lọ. Ìsàlẹ̀ odò ni ó ń rì sí, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹrà, tí ó sì ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lẹ́nu ju ti ìgbà tí ó wà láàyè lọ bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni a pa gbogbo rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wá wọ inú omi nígbà náà ni yóò jí irúgbìn tí ó ti ń sùn nínú ẹrẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé omi tí a ń fín oògùn sí yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bù mu, tí wọ́n ti ń fọ ọmọ, tí wọ́n sì ti ń pa ẹja tí a ń jẹ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dojú kọ ìṣòro yìí ṣáájú wa, wọ́n sì gbìyànjú ohun kan tí ó yẹ kí a rẹ́rìn-ín sí díẹ̀. Ní ọdún 1910, Robert Broussard, ẹni tí ó ń ṣojú Louisiana ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, gbé àbá òfin kan kalẹ̀ pé kí ìjọba ná 250,000 dọ́là láti kó àwọn ẹran láti ilẹ̀ òkèèrè wá, erinmi sì ni ó wà níwájú nínú wọn; kí erinmi máa jẹ ewé náà lójú omi, kí àwọn ará ìlú sì máa pa erinmi jẹ, nítorí pé ẹran ti wọ́n lọ́jà wọn nígbà náà. Ẹni tí ó bá mọ erinmi, ẹranko tí ń fi ọ̀sán sùn nínú omi, tí ó ń gun òkè lóru láti lọ jẹ koríko ilẹ̀, tí inú sì máa ń bí débi pé ó lè dojú ọkọ̀ dé, yóò mọ̀ pé àbá yìí ìbá fi wàhálà kan lé òmíràn lórí. Òfin náà kò kọjá. Síbẹ̀, bí mo ti ń ronú sí i, mo rí i pé orí aṣòfin náà pé ju bí a ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ: ó ti mọ̀ pé ohun tí yóò jẹ ewé náà ni kí a wá, kì í ṣe ohun tí yóò gbé e. Ibi tí ó ti ṣì í ni ìwọ̀n ẹnu. Erinmi ni ó wá lọ. Kòkòrò tí kò tó èékánná ọmọdé ni ó yẹ kí ó wá.

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kòkòrò méjì kan wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn kòkòrò onímú gígùn tí ń jẹ àgbàdo nínú àká, tí gígùn wọn kò sì ju mìlímítà 5 lọ. Láti Ajẹntínà ni wọ́n ti kó èkíní lọ sí Florida, wọ́n sì dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1972, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oríṣiríṣi irúgbìn síwájú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò jẹ wọ́n. Ewé yìí nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá rí i, ebi ni yóò pa á. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ariwo. Èyí tí ó ti dàgbà ń fi òru ha ara ewé jẹ, ojú ibi tí ó ti jẹ a sì dà bí ilà ṣáńṣẹ́. Abo rẹ̀ ń yé ẹyin sínú ẹran ara ọ̀pá ewé. Ìdin tí ó bá jáde nínú ẹyin náà ni ó ń lu ihò láti inú ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọkàn ewéko gan-an, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ. Omi a bẹ̀rẹ̀ sí wọ ibi tí afẹ́fẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Ewé a kúrú, òdòdó a dínkù, ẹ̀ka tí ì bá yọ kò ní yọ, tí ó bá sì yá, gbogbo rẹ̀ a tẹ̀ sómi. Kì í ṣe ọjọ́ kan, kì í ṣe oṣù kan; ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìtòsí wa níhìn-ín ni a ti rí ẹ̀rí rẹ̀. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ní ẹ̀ka kan nítòsí Kútọnu, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn kòkòrò yìí sílẹ̀ sórí omi gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1991, ní agbègbè tí àwọn tí ó kọ́ ilé wọn sórí òpó nínú omi ń gbé. Nígbà tí ó fi di ọdún 2003, Hugo De Groote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ná owó ìlú sórí omi kà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ìgbà tí ewé náà ń jayé orí rẹ̀, àwọn ènìyàn bí 200,000 tí ń gbé agbègbè náà ń pàdánù nǹkan bí 84 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kan. Tí a bá sì pín in, ti ọkùnrin jẹ́ nínú ẹja pípa, ti obìnrin sì jẹ́ nínú òwò oúnjẹ àti ẹja. Lẹ́yìn tí kòkòrò ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, 30.5 mílíọ̀nù dọ́là ni ó ti padà sápò wọn lọ́dọọdún. Gbogbo owó tí a ná sórí iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀ kò ju mílíọ̀nù méjì dọ́là àti díẹ̀ lọ. Wọ́n sì fojú dá a pé dọ́là kan tí a ná yóò mú 124 wálé. Ta ni ó ní òwò tí ń pa irú èrè bẹ́ẹ̀? Ẹ sì kíyè sí i pé kòkòrò kì í gba owó oṣù, kò sì sí ayẹyẹ tí a lè ṣe fún un.

Ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ìtàn náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Ewé yìí bo etí adágún Victoria, èyí tí Uganda, Kenya àti Tanzania jọ ni, títí ó fi dí ẹnu èbúté Kisumu pa. Uganda dá kòkòrò sílẹ̀ ní 1995, Kenya ní 1997, nígbà tí ọ̀rúndún tuntun sì fi wọlé, ewé náà ti fà sẹ́yìn gidigidi, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjì àti òjò ńlá tí ó wáyé ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n ó ti padà wá sí Kisumu láti ìgbà náà wá, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Kí ni ó ń dá a padà? Ìbéèrè yìí ni èmi rò pé a kì í fẹ́ dáhùn, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ewé tí gbòǹgbò rẹ̀ kò kan ilẹ̀, omi ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Omi odò tí ó mọ́ kò ní oúnjẹ púpọ̀ nínú. Omi tiwa ni ó ní. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ìlú tí ó ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn, omi ọṣẹ láti inú gọ́tà, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun láti àwọn ilé ìpẹran etí odò, ajílẹ̀ tí òjò gbá kúrò ní oko láti òkè odò Ògùn, Ọ̀ṣun àti Yewa, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn wá sínú ọ̀sà, ó sì gbé náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì dání, ohun kan náà tí àgbẹ̀ ń fi owó rà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwa ni a ń se oúnjẹ fún àlejò náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, a sì ń ṣe háà pé ó sanra. Níbi tí ewé bá ti ń jẹun báyìí, yóò máa hù ju bí kòkòrò ti lè jẹ ẹ́ lọ.

Ọ̀sà Èkó tún ní ìṣòro kan, ìṣòro tí ó sì tún jẹ́ oore. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn odò bá fà, omi òkun a gba ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé, a sì máa tì wọ inú ọ̀sà lọ, pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀. Ewé yìí kò lè fara da iyọ̀. Bí iyọ̀ inú omi bá ti tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ti òkun, ikú rẹ̀ ti dé. Lọ́dọọdún, nígbà náà, Olókun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbá ojú ọ̀sà mọ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ kòkòrò tí a dá sílẹ̀ náà ń gbé lára ewé, ìdin rẹ̀ wà nínú ewé; ẹni tí ilé rẹ̀ rì, kò sí bí kò ṣe ní bá a rì. Nígbà tí òjò bá tún dé, tí omi iyọ̀ fà sẹ́yìn, tí ewé tuntun sì ń ṣàn bọ̀ láti àwọn ibi tí iyọ̀ kì í dé, láti ọ̀sà Lẹ́kí àti àwọn àbàtà òkè odò, kòkòrò tí yóò bá a wọ̀dọ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, ojú ọ̀sà tí gbogbo ayé ń rí kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí a ti máa jà. Àwọn ibi omi dídùn lókè lọ́hùn-ún, tí oníròyìn kì í dé, tí ewé náà ti ń sinmi ní ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a máa sin kòkòrò sí lọ́dọọdún, kí a sì máa ṣọ́. Apá Bẹ̀nẹ̀ àti apá Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jọ ṣe é. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí, omi náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Àwọn kan ti sọ pé kí a máa fi ṣe nǹkan dípò kí a máa bá a jà. Ní Bẹngál, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe òfin lòdì sí i ní ọdún 1936. Lónìí, àwọn àgbẹ̀ Bangladesh ń di òkú rẹ̀ jọ bí ẹní lórí omi, wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ lé e lórí. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, Achenyo Idachaba-Obaro dá ilé-iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, níbi tí a ti ń sá ọ̀pá ewé náà gbẹ, tí a ń hun ún bí okùn, tí a sì ń fi ṣe agbọ̀n, àpótí àti oríṣiríṣi ohun èlò ilé, iṣẹ́ tí ó mú kí ó gba ẹ̀bùn Cartier fún àwọn obìnrin onídòwò ní ọdún 2014. Mo ti di ọ̀kan nínú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́, ó fúyẹ́, ó sì lágbára. Inú mi dùn sí i, kì í sì í ṣe díẹ̀. Síbẹ̀, agbọ̀n mélòó ni a ó hun kí hẹ́kítà kan tó tán? Bí ọjà náà bá sì wá tà gan-an, ta ni yóò dá ẹni tí ebi ń pa lẹ́kun kí ó má lọ gbìn ín sí odò abúlé rẹ̀? Kí a fi ohun tí a bá kó jáde ṣiṣẹ́, ó dára. Kí a gbójú lé iṣẹ́ ọwọ́ pé yóò gbá odò mọ́, ìyẹn kò sí níbẹ̀.

Mo padà sí Báyékù ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún kan náà tí gbéborùn mú ọkọ̀ wa lójú ọ̀sà. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí mú, ọ̀sà funfun bíi wàrà lábẹ́ kùrukùru, ewé náà ṣì wà nílẹ̀ létí èbúté, àmọ́ etí rẹ̀ ti ń wọ́ pọ̀, ó sì pọ́n bí ìwé tí iná lá. Bàbá apẹja kan jókòó sínú ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kí i, mo sì bèèrè bí omi ti rí. Kò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ti ìka kan bọ omi, ó fi kan ahọ́n, ó sì fi dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

“Ó ti ń dé,” ni ó wí.

Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé wọn yóò kú tán lọ́tẹ̀ yìí?”

“Wọn yóò kú.”

“Ṣé wọn kò ní padà wá mọ́?”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Bí òjò bá dé, wọn yóò dé. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o kò ní padà wá ni?” Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì tún fa àwọ̀n rẹ̀ sórí itan.